Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Nígbà Tí Iná Ẹ́ńjìnnì Kò Bá Ta Lákòókò

Àṣà kan wà láàrin àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe tó yẹ kí onímọ́tò yẹ̀ wò dáadáa. Mọ́tò á dé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa gbọ̀n, pàípù èéfín á máa dún bí ẹni ń yìnbọn, agbára á máa lọ, á máa bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wọn ohunkóhun, wọ́n á ti ní kí olówó lọ ra púlọ́ọ̀gì. Bí púlọ́ọ̀gì kò bá ṣe é, wọ́n á ní kọ́ìlì ni. Bí kọ́ìlì tuntun bá dé tí àìsàn náà kò lọ, ó di sẹ́ńsọ̀, ó di waya, títí ọ̀rọ̀ á fi kan ọpọlọ mọ́tò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bírénì bọ́ọ̀sì. Nígbẹ̀yìn, owó á ti tán, búùtù á kún fún ẹrù tí wọ́n yọ, mọ́tò á sì máa gbọ̀n síbẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fò kọjá: ṣé àkókò tí wọ́n rò pé iná ń ta nínú sílíńdà ni àkókò tó ń ta lóòótọ́? Ohun èlò tó ń dáhùn ìbéèrè yìí kò wọ́n, kò sì ṣòroó lò. Síbẹ̀, òun ni ohun tí wọ́n máa ń mú kẹ́yìn, bí wọ́n bá tilẹ̀ mú un rárá.

Àwọn mọ́tò tó ń jìyà àṣà yìí jù lọ ni àwọn tí wọ́n ti yọ ọpọlọ tí ilé iṣẹ́ fi sí wọn, tí wọ́n sì fi òmíràn dípò rẹ̀. Iṣẹ́ náà wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ọsirélíà, láàrin àwọn tó ń so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò ní in tẹ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n ń sọ mọ́tò àtijọ́ oníkábúrétọ̀ di ti kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ tí ilé iṣẹ́ ṣe kò mọ ohun tó ń jẹ́ tọ́bò tí wọn kò bí i mọ́, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ wá èyí tó ṣeé kọ́ ní ẹ̀kọ́ tuntun. Haltech ti wà lẹ́nu rẹ̀ ní Ọsirélíà láti ọdún 1986. Link ń ṣe tirẹ̀ ní Nìú Sílàǹdì. Ní ọdún 2001, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Bruce Bowling àti Al Grippo, gbé MegaSquirt jáde, èyí tí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè rà ní ègé-ègé, kí ó sì fi òjé lẹ̀ ẹ́ pọ̀ nínú iyàrá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Josh Stewart, ará Ọsirélíà, gbé Speeduino kalẹ̀, tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ. Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ ilé iṣẹ́ ńlá tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ ẹnìkan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Ohun rere ni. Àmọ́ àwọn ẹlẹ́rọ ilé iṣẹ́ ńlá yẹn ń wọn nǹkan kí wọ́n tó gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, ìwà yìí kò sì bá ọpọlọ tuntun náà wá nínú páálí.

Ẹni tó bá ti rí ibi tí obìnrin méjì ti ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo mọ ohun tí àkókò jẹ́. Bí ọmọ odó ẹnìkan bá ń gòkè, ti ẹnìkejì á máa sọ̀kalẹ̀. Bí ọ̀kan bá yára jù, ọmọ odó méjì á kọlu ara wọn, ọwọ́ á sì ro àwọn tó dì í mú. Bí ó bá pẹ́ jù, iyán á ní kókó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú sílíńdà. Písítìn ń gòkè, ó ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, púlọ́ọ̀gì sì gbọ́dọ̀ ta iná díẹ̀ ṣáájú kí písítìn tó dé òkè téńté, nítorí pé epo kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Dígírì ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ṣáájú òkè téńté tó. Ìyípo kíráńkì kan jẹ́ dígírì 360. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní títàn láìrìn, dígírì bíi 10 wọ́pọ̀. Bí ó bá ń sáré, ó lè lé ní 30. Èyí ni àkókò ìtanná, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímíìnì. Bí iná bá ṣáájú jù, epo á bú gbàmù nígbà tí písítìn ṣì ń bọ̀ lókè, ìró kọ́kọ́kọ́ á máa jáde, písítìn sì lè fọ́. Bí ó bá pẹ́ jù, ooru tó yẹ kó ti písítìn á gba pàípù èéfín lọ, epo á sì máa ṣòfò.

Ní ayé Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, disitíríbútọ̀ ló ń pín iná. Mẹkáníìkì á tú nọ́ọ̀tì kan, á fi ọwọ́ yí disitíríbútọ̀ díẹ̀, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á yí i padà díẹ̀, á sì dì í. Etí ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Kò sí ìdí láti fi àwọn bàbá wọ̀nyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà rọrùn, ó ń dárí àṣìṣe díẹ̀ jì, ohun tó bá sì bàjẹ́ nínú disitíríbútọ̀ ṣeé fi ojú rí. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé etí kan náà wá síwájú ẹ́ńjìnnì tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí àkókò ìtanná rẹ̀ ń yí padà nígbà púpọ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó wá lẹ́yìn, tí wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé etí mọ́, tún lọ gbẹ́kẹ̀ lé ojú kọ̀ǹpútà. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni etí ń gbọ́.

Nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà jẹ́ àṣẹ tí ọpọlọ pa. Bí ó bá kọ dígírì 10 síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọpọlọ ní kí iná ta ní dígírì 10, gẹ́gẹ́ bí ibi tí òun rò pé kíráńkì wà. Bí iná ṣe ta gan-an, ọpọlọ kò mọ̀, kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi mọ̀. Ó dà bí gómìnà tó jókòó sí ọ́fíìsì, tí wọ́n kọ̀wé sí pé ọ̀nà abúlé ti parí. Ìwé wà lórí tábìlì, kòtò sì wà lójú ọ̀nà.

Ohun tí ọpọlọ fi ń mọ ibi tí kíráńkì wà kò ju wíìlì irin eléyín kan àti sẹ́ńsọ̀ tó dojú kọ ọ́. Èyí tó gbajúmọ̀ láàrin àwọn tó ń lo ọpọlọ àfidípò ni 36-1: àyè eyín 36 ló wà yíká rẹ̀, wọ́n yọ ọ̀kan, ó ku 35. Láti eyín kan sí èkejì jẹ́ dígírì 10, àlàfo eyín tí wọ́n yọ ló sì ń sọ fún ọpọlọ pé kíráńkì ti yípo kan. Ti Bosch, tó wà lára ọ̀pọ̀ mọ́tò ilẹ̀ Yúróòpù, jẹ́ 60-2, dígírì 6 láti eyín sí eyín. Láàrin eyín méjì, ọpọlọ kò rí nǹkan kan. Ó ń ṣírò ìgbà tó gbà kí eyín tó kọjá tó dé, ó sì ń fi í sọ tẹ́lẹ̀ ibi tí kíráńkì yóò dé. Iṣẹ́ alásọtẹ́lẹ̀ ni ó ń ṣe ní gbogbo ìgbà tó bá ta iná.

Ìṣirò kékeré kan á fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yípo nígbà 6000 láàrin ìṣẹ́jú kan, kíráńkì á rin dígírì 36 nínú ìdá kan ninu ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ohunkóhun bá dá àmì sẹ́ńsọ̀ dúró fún ìdá mẹ́wàá àkókò kékeré yẹn péré, iná á ti fi dígírì 3.6 pẹ́. Ní ìyípo 1000, ìdádúró kan náà kò tó dígírì kan. Ẹ̀rí tó wúlò jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí wà nínú ìyàtọ̀ yẹn: àṣìṣe tí kò yí padà bí eré ṣe ń pọ̀, àṣìṣe tó ń dàgbà pẹ̀lú eré, àti àṣìṣe tó ń fò sókè-sódò láìní ìlànà, àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, oògùn wọn kò sì jọra.

Mazda MX-5 tó jáde ní ọdún 1989 jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára, nítorí pé ó wà lára àwọn mọ́tò tí wọ́n ń so MegaSquirt mọ́ jù. Kò ní disitíríbútọ̀. Nínú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.6, ẹ̀yìn ọ̀pá káàmù ni sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ipò kíráńkì wà, àmì mẹ́rin péré ló sì ń fún un nígbà tí káàmù bá yípo kan, ìyẹn ọ̀kan ní gbogbo dígírì 180 ti kíráńkì. Bẹ́líìtì ló so káàmù mọ́ kíráńkì. Nítorí náà, bí bẹ́líìtì bá dẹ̀ tàbí tó bá ń mì, ìmìtìtì yẹn á wọ inú àmì tí ọpọlọ ń kà. Mazda mọ èyí, ó sì kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ mọ́ mọ́tò náà: mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ fi waya kékeré kan so ojú TEN àti GND pọ̀ nínú àpótí àyẹ̀wò tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ọpọlọ lè dẹ́kun àtúnṣe tirẹ̀, kí àkókò ìtanná sì dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni yóò tan tọ́ọ̀ṣì táímíìnì sí púlì kíráńkì, tí yóò sì yí sẹ́ńsọ̀ náà títí tí àmì yóò fi bọ́ sórí dígírì 10. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọpọlọ, tó ṣe sẹ́ńsọ̀, tó ṣe waya, kò gba ọpọlọ ara rẹ̀ gbọ́ láìfi iná yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí MegaSquirt bá gba ipò náà, ìdènà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ waya TEN mọ́. Inú sọ́fítíwíà ni wọ́n ti ń ní kí àkókò ìtanná dúró sójú kan. Àwọn kan ṣì ń so waya náà bí ìwé àtijọ́ ṣe wí, tí wọ́n ń rò pé àwọn ti dè é, tí wọ́n sì ń wọn ohun tó ń sáré.

Dídè é ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọpọlọ, ti ilé iṣẹ́ àti àfidípò, máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sún àkókò ìtanná síwá-sẹ́yìn nígbà tí mọ́tò bá wà ní títàn láìrìn, kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Ẹni tó bá yìn tọ́ọ̀ṣì sí i lásìkò yẹn á rí àmì tó ń jó, á sì pariwo pé àrùn ti dé. Kì í ṣe àrùn. Bí wọ́n bá ti so ó mọ́ dígírì 10 nínú sọ́fítíwíà, tí àmì náà sì dúró ṣinṣin lórí púlì láti ìyípo 1000 títí dé 5000, ó parí: sẹ́ńsọ̀ dára, waya dára, wíìlì dára. Ohun tó ń yí padà wà nínú àtẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún ọpọlọ, tàbí nínú àmì ẹrù ẹ́ńjìnnì tó ń mì tìtì tó sì ń mú kí ọpọlọ máa fò láti ojú kan sí òmíràn nínú àtẹ náà. Kò sí kọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni lè rà tí yóò wo ìyẹn sàn.

Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì náà lè purọ́, púlì náà sì lè purọ́. Púlì kíráńkì lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì jẹ́ irin méjì tí rọ́bà wà láàrin wọn. Bí rọ́bà bá gbó, irin òde á yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, òun sì ni àmì wà lára rẹ̀. Mọ́tò tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, ta ló mọ ibi tí àmì rẹ̀ ti rìn dé? Ọ̀nà àtijọ́ ló ń yanjú èyí: kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì sílíńdà kìíní, kí wọ́n fi irin ìdádúró sínú ihò rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ yí kíráńkì títí tí písítìn á fi kan irin náà, kí wọ́n fi ìlà sí púlì, kí wọ́n tún yí i padà sí òdìkejì títí tó á tún fi kan án, kí wọ́n fi ìlà kejì síbẹ̀. Àárín ìlà méjèèjì gan-an ni òkè téńté. Iṣẹ́ náà kò gba owó, sùúrù ló gbà. Ti tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Lára mọ́tò tí kọ́ìlì rẹ̀ ń ta iná nígbà gbogbo tí kíráńkì bá yípo kan, dípò ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, tọ́ọ̀ṣì tó ní bọ́tìnnì dígírì lè ka ìlọ́po méjì ohun tó wà níbẹ̀. Dígírì 10 á di 20 lójú rẹ̀. Kí wọ́n fi bọ́tìnnì náà sí òdo, kí wọ́n sì ka àmì ara púlì. Ẹni tó bá wọ agbádá tàbí aṣọ tí apá rẹ̀ gùn, kí ó jìnnà síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú yẹn máa ń mú kí púlì àti fáànù tó ń yí kíkankíkan dà bí ohun tó dúró jẹ́ẹ́, ojú á sì tan ọwọ́ lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ẹlẹ́rìí méjèèjì ń sọ òótọ́, ohun tí wọ́n bá rí ni yóò tọ́ka ibi tó kàn. Bí àmì bá dúró sójú kan, ṣùgbọ́n tó jẹ́ 16 ni ó wà dípò 10, nọ́ńbà ipò eyín tí wọ́n kọ sínú sọ́fítíwíà ni kò tọ́. Wọ́n á fi mẹ́fà tún un ṣe, ó tán. Bí ó bá tọ́ ní ìyípo 1000, tó sì ń pẹ́ sí i bí eré ṣe ń pọ̀, ìdádúró wà nínú àmì, tàbí kí wọ́n ti so sẹ́ńsọ̀ ní òdì. Sẹ́ńsọ̀ olóòfà ló ń ṣe èyí jù. Fúnra rẹ̀ ló ń bí iná tirẹ̀ nígbà tí eyín irin bá kọjá níwájú rẹ̀: iná díẹ̀ nígbà tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ fóltì nígbà tí eré bá gòkè. Waya méjì ló ní, wọ́n sì jọra. Bí wọ́n bá so wọ́n ní òdì, mọ́tò ṣì lè ṣíṣẹ́, ó tilẹ̀ lè dún dáadáa, èyí ló sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Kìkì pé àkókò á máa sún bí eré ṣe ń gòkè, ọpọlọ á sì máa ṣìnà níbi àlàfo eyín. Pípààrọ̀ ipò waya méjì ni oògùn rẹ̀. Àwọn kan ti yọ gbogbo orí ẹ́ńjìnnì wò nítorí àìsàn yìí.

Bí ó bá sì jẹ́ pé àmì ń fò lójijì, tó ń sọnù, tó ń padà, ariwo iná ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Kọ́ìlì ń sọ fóltì 12 di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, waya sẹ́ńsọ̀ tó bá sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá á gbọ́ igbe náà. Ọpọlọ lè ka igbe yẹn mọ́ eyín irin, eyín kan tó bá sì lé lára 36-1 jẹ́ dígírì 10 tó ti ṣìnà. Púlọ́ọ̀gì náà ní ọ̀rọ̀ nínú èyí: lára ti NGK, lẹ́tà R inú nọ́ńbà bíi BPR6ES ń sọ pé ohun tó ń dín ariwo kù wà nínú rẹ̀, BP6ES kò ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì wọ ihò kan náà. Àwọ̀n irin tó bo waya sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ kan ẹ́ẹ̀tì ní ìparí kan ṣoṣo, lọ́dọ̀ ọpọlọ. Ẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ kò sì gbọdọ̀ bá ti kọ́ìlì pín ojú kan lára bọ́dì mọ́tò, nítorí ìgbàkígbà tí kọ́ìlì bá gba iná, ojú yẹn á mì, sẹ́ńsọ̀ á sì mì pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ rìwáyà ni gbogbo èyí, rìwáyà tó mọṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n ju mẹkáníìkì lọ.

Ìwà kan wà níbí tó yẹ fún ìbáwí. Sọ́fítíwíà àwọn ọpọlọ wọ̀nyí lè ya àwòrán eyín kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá, ó sì ń ka iye ìgbà tí ọpọlọ ti sọ ipò kíráńkì nù. Dípò kí àwọn kan wá orísun ariwo tí àwòrán náà fi hàn wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń gbé àlẹ̀mọ́ sísẹ́ ariwo sókè nínú sọ́fítíwíà, wọ́n ń gbé e sókè títí tí àwòrán á fi mọ́ lóló. Àmọ́ sísẹ́ náà ń gba àkókò. Ó ń dá àmì tòótọ́ dúró pẹ̀lú ti èké, ìdádúró kékeré sì ni ohun tó ń di dígírì 3 tàbí 4 nígbà eré. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, lẹ́yìn náà wọ́n gba owó, wọ́n sì fi àwòrán tó mọ́ han olówó.

Owó gidi ló ń ṣòfò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbé mọ́tò lọ síbi ẹ̀rọ ìwọn-agbára kí wọ́n lè kọ àtẹ ìtanná fún un, nígbà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti fi dígírì 8 ṣáájú, gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ sínú àtẹ náà irọ́ ni. Níbi tí àtẹ bá ti sọ pé 24, ẹ́ńjìnnì ń gba 32. Bí tọ́bò bá wà níbẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n náà ni písítìn lè fọ́ sí, àríyànjiyàn ta ló jẹ̀bi á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ àtẹ á ní ẹ́ńjìnnì náà kò lágbára. Ẹni tó to ẹ́ńjìnnì á ní wọ́n kọ àtẹ búburú. Kò sí èyí tó yìn tọ́ọ̀ṣì sí púlì.

Kì í ṣe mẹkáníìkì nìkan ló jẹ̀bi. Bí mẹkáníìkì bá lo wákàtí méjì láti fi irin ìdádúró wá òkè téńté, tó wá bá waya méjì tí wọ́n so ní òdì, tó sì pààrọ̀ wọn, tó ní kí oníbàárà san owó iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́ ni pé, "Ọ̀gá, kí lẹ wá pààrọ̀ tẹ́ ẹ fi ń gba iye yìí?" Ṣùgbọ́n bí ó bá ti Ládípọ̀ bọ̀ pẹ̀lú kọ́ìlì nínú ọ̀rá, oníbàárà á san owó kọ́ìlì, á san owó iṣẹ́, á sì dúpẹ́. Ohun tó ṣeé fi ọwọ́ gbé nìkan ni àwọn ènìyàn ń sanwó fún pẹ̀lú ẹ̀rín. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kò sí mẹkáníìkì tí ebi ń pa tí yóò ra tọ́ọ̀ṣì táímíìnì.

Kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn eléré mọ́tò nìkan. Onítókúnbọ̀ tí iná ẹ́ńjìnnì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bá tàn, tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kà á, tí ó sì gbé P0335 jáde, á gbọ́ lójú ẹsẹ̀ pé kí ó lọ ra sẹ́ńsọ̀ kíráńkì. Ohun tí kóòdù yẹn sọ ni pé ìṣòro wà ní ọ̀nà tí àmì sẹ́ńsọ̀ ń gbà. Ọ̀nà náà ní waya nínú, ó ní ojú ìsopọ̀ tó lè dípẹtà, ó ní eyín wíìlì tó lè ṣẹ́, ó sì ní ọpọlọ ní ìparí rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ wulẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára wọn ni.

Ti ẹni tó lo ọpọlọ àfidípò ni pé kí ó béèrè fún nọ́ńbà mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àtẹ ìtanná rẹ̀. Kí wọ́n wá òkè téńté pẹ̀lú irin ìdádúró, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun àmì rẹ̀ lójú olówó mọ́tò. Kí wọ́n so àkókò ìtanná mọ́ dígírì 10 nínú sọ́fítíwíà. Kí wọ́n yìn tọ́ọ̀ṣì sí i ní ìyípo 1000, ní 3000, àti ní 5000, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ní ti ìkẹyìn yìí, nítorí pé dígírì 10 kéré fún irú eré bẹ́ẹ̀, pàípù èéfín á sì tètè gbóná. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rí i, kí olówó sì san owó iṣẹ́ yẹn lọ́tọ̀, yálà wọ́n pààrọ̀ nǹkan tàbí wọn kò pààrọ̀. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, kí mọ́tò náà má ṣe kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi ẹ̀rọ ìwọn-agbára.